Andrew Foster, Adití Tí Ó Ṣí Ilé Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Adití

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn wa lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe bíṣọ́ọ̀bù, kì í sì í ṣe ìyàwó àlùfáà bí a ti máa ń kà á níbí. Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni, etí rẹ̀ méjèèjì di pátápátá, orúkọ rẹ̀ sì ni Andrew Jackson Foster. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi yàn án.

Ní nǹkan bí ọdún 1965, nígbà tí a wà ní ọmọdé ní Òkè-Àgbè níhìn-ín, ọmọbìnrin kan wà ní àdúgbò wa tí kì í gbọ́ràn. Àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n Odi ni tọmọdé tàgbà ń pè é, nítorí a mọ̀ pé kò ní gbọ́. Ọmọ tí ó mọ iṣẹ́ ilé ni. Ó ń pọn omi, ó ń gúnyán, ó sì ń fi ìka ọwọ́ nájà débi pé kò sí oníṣòwò tí ó lè rẹ́ ẹ jẹ. Ní ọdún tí àwa ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé, ìyá rẹ̀ ra síléètì fún un, ó wọṣọ fún un, ó ní kí ó tẹ̀lé wa. Tíṣà pe orúkọ rẹ̀ nínú ìwé orúkọ, kò dáhùn. Ó tún un pè, kò dáhùn. Ni ó bá fa pàṣán yọ. Bákan náà ni ó rí ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹta, kò wá mọ́, kò sì sí ẹni tí ó béèrè rẹ̀. Èmi tí a jọ ń ṣeré lábẹ́ igi náà kò béèrè.

Ohun tí n kò mọ̀, tí ìyá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀, ni pé ní ìlú Ìbàdàn, níbi tí ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní Ìkàrẹ́ láàárọ̀ ti lè dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ilé ẹ̀kọ́ ti wà fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1960. Foster yìí ni ó dá a sílẹ̀.

Wọ́n bí i ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún 1925 ní Ensley, ní ìlú Birmingham, ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Òṣìṣẹ́ tí ń wa èédú nínú kòtò ilẹ̀ ni bàbá rẹ̀. Bí ọmọ yòókù ni Andrew rí títí ó fi pé ọmọ ọdún 11. Nígbà náà ni àìsàn kan tí àwọn dókítà ń pè ní meningitis, irú èyí tí ń mú kí ọrùn gan, kọlu òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin. Wọn kò kú, ṣùgbọ́n etí àwọn méjèèjì di. Ẹ rántí ọmọ ọdún 11 yẹn dáadáa, nítorí a óò tún padà sórí rẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ èdè fún ọdún 11 kí etí rẹ̀ tó di ní nǹkan lọ́wọ́ tí ẹni tí a bí ní adití kò ní. Ó ti mọ orúkọ ohun gbogbo, ó ti mọ̀wé kà. Foster mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé ìyẹn ni kò jẹ́ kí ara rẹ̀ balẹ̀ títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ní Alabama ìgbà náà, òfin ya àwọ̀ dúdú àti àwọ̀ funfun sọ́tọ̀ nínú ohun gbogbo, ó sì ya adití dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára adití funfun pẹ̀lú. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ dúdú tí wọn kò gbọ́ràn tàbí tí wọn kò ríran, tí ó wà ní ìlú Talladega, ni wọ́n mú òun àti àbúrò rẹ̀ lọ. Kíláàsì kẹfà ni ẹ̀kọ́ parí fún wọn níbẹ̀. Nígbà tí Andrew di ọmọ ọdún 17, ó gba ìlú Detroit lọ ní apá òkè Amẹ́ríkà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá ní ọ̀sán, ó sì ń wá ìwé kiri ní alẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti fi ọkàn rẹ̀ fún Olúwa ní ìjọ kékeré kan, tí ó sì pinnu pé iṣẹ́ míṣọ́nnárì ni òun máa ṣe.

Kí ni ó kù? Ó kọ lẹ́tà sí Gallaudet ní ìlú Washington, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a dá sílẹ̀ fún àwọn adití, pé òun fẹ́ wọlé. Wọ́n kọ̀ fún un nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó tún kọ lẹ́tà, wọ́n tún kọ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wo irú ìyà méjì tí ó so pọ̀ mọ́ ẹnìkan: àwọn tí ń gbọ́ràn lé e nítorí etí, àwọn adití ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e nítorí ara dúdú. Kò bínú jókòó. Ó lọ gba ẹ̀kọ́ ìṣirò owó àti òwò ní kíláàsì alẹ́, ó sì fi ẹ̀kọ́ inú lẹ́tà gba ìwé ẹ̀rí gírámà láti Chicago. Ní ọdún 1951 ni Gallaudet wá gbà á. Ẹ̀kọ́ tí àwọn mìíràn ń lo ọdún púpọ̀ sí i lórí rẹ̀, ọdún mẹ́ta ni ó fi parí rẹ̀. Nígbà tí ó jáde ní ọdún 1954, òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba oyè bíẹ́è ní ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó tún gba oyè kejì nínú iṣẹ́ olùkọ́ ní Michigan ní ọdún 1955, àti òmíràn lórí iṣẹ́ míṣọ́n ní Seattle ní ọdún 1956. Ní ọdún 1956 yìí náà ni ó dá ẹgbẹ́ míṣọ́n rẹ̀ sílẹ̀, èyí tí a wá mọ̀ sí Christian Mission for the Deaf.

Ó dé Accra ní ọdún 1957, ọdún tí Gánà gba òmìnira. Ohun tí ó kọ́kọ́ bá pàdé yà á lẹ́nu. Àwọn kan tí ó yẹ kí wọ́n mọ̀ sọ fún un pé kò sí adití púpọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Èmi kò rò pé irọ́ ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ pa. Ẹni tí a fi sí kọ̀rọ̀ ilé, tàbí tí ó ń ṣiṣẹ́ lóko láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò sí nílé ìwé, tí kò sí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ni yóò kà á? Foster bẹ̀rẹ̀ sí wá wọn kiri fúnra rẹ̀. Ilé ìwé kan ní Osu nínú ìlú Accra yá a ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, pé nígbà tí àwọn ọmọ tí ń gbọ́ràn bá ti lọ sílé ní ọ̀sán ni kí ó máa lò ó. Níbẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1957 pẹ̀lú ọmọdé 13 àti àgbàlagbà 11. Láìpẹ́, àwọn òbí ń to orúkọ ọmọ sílẹ̀ débi pé àyè kò gbà wọ́n mọ́. Ní ọdún 1959, ilé ẹ̀kọ́ náà kó lọ sí Mampong ní òkè Akuapem, níbi tí àwọn ọmọ ti lè máa gbé.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an rèé, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ tíṣà, tàbí tí ó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ tíṣà, tàbí tí ń kọ́ ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Báwo ni a ṣe ń kọ́ ẹni tí kò gbọ́? Láti ọdún 1880, nígbà tí àwọn olùkọ́ adití láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè ṣe ìpàdé ní Milan ní Ítálì, ni wọ́n ti fẹnu kò pé kí a má ṣe jẹ́ kí adití fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì mọ́. Ètè ni kí ó máa wò, kí ó sì máa gbìyànjú láti la ohùn. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n ń lu ọmọ lọ́wọ́ tàbí kí wọ́n ní kí ó jókòó lé ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ó ti le tó, kí ó lọ síwájú dígí, kí ó la ẹnu láìmú ohùn jáde, kí ó sọ bàbá, kí ó sì sọ màmá. Ètè kò yàtọ̀. Ẹ wá fi àmì ohùn Yorùbá wa kún un. Ọkọ tí ó fẹ́ni, ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, ẹnu kan náà ni!

Foster kò tẹ̀lé ìpinnu Milan. Ohun gbogbo tí ó bá lè gba ojú wọlé ni ó ń lò: èdè ọwọ́, lẹ́tà ABD tí a ń fi ìka ọwọ́ yà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìwé kíkọ sójú pátákó, àwòrán, àti ètè pẹ̀lú fún ẹni tí ó bá lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Kò ní kí ọmọ yí padà kí ó tó lè kẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ́ni ni ó yí padà.

Mo ti jókòó wo kíláàsì àwọn adití rí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí mo rí, nítorí ó rọrùn ju bí mo ti rò lọ. Bẹ́ǹṣì wọn kì í to tẹ̀lé ara wọn bí tiwa. Wọ́n máa ń yí i ká bí ìlàjì òṣùpá, kí olúkúlùkù lè rí ọwọ́ tíṣà àti ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, torí ẹni tí ó bá jókòó sẹ́yìn ẹlòmíràn kò gbọ́ nǹkan kan. Tíṣà kì í dúró síwájú fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ má bàa wà lẹ́yìn rẹ̀ kí ojú rẹ̀ sì ṣókùnkùn. Kì í kọjú sí pátákó kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ. Bí ó bá fẹ́ pè wọ́n, yóò ju ọwọ́, tàbí kí ó tẹ iná yàrá pa kí ó tún tàn án, tàbí kí ó fi ẹsẹ̀ lu pákó ilẹ̀ kí wọ́n mọ̀ ọ́n lára. Bí ẹ̀kọ́ bá dá lórí iṣu, iṣu gan-an yóò wà lórí tábìlì. Ọmọ yóò rí i, yóò rí àmì rẹ̀ lọ́wọ́ tíṣà, yóò rí lẹ́tà rẹ̀ ní orí ìka, yóò sì rí i lójú pátákó, kí òun náà tó kọ ọ́.

Ohun tí ó ya mí lẹ́nu jù ni dídúró. Ọmọ tí ń gbọ́ràn lè máa wo ìwé kí ó sì máa fetí sí tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà. Adití kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ojú rẹ̀ ni etí rẹ̀. Nígbà tí ó bá ń wo ìwé, kò gbọ́ ohun tí à ń sọ. Nítorí náà tíṣà gbọ́dọ̀ dákẹ́ ọwọ́, kí ó dúró kí gbogbo ọmọ gbé ojú sókè, kí ó tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Èmi tí mo ti kọ́ ọmọ fún ọdún púpọ̀, n kò lè rántí ìgbà tí mo dúró bẹ́ẹ̀ rí.

Ní ọdún 1960 ni Foster dé Nàìjíríà tí ó sì ṣí ilé ẹ̀kọ́ Ìbàdàn. Láàárín ọdún 1960 sí 1962, ó ti ṣí ti Enúgu àti ti Kàdúná. Kì í ṣe pé òun nìkan ni ó ń ṣe é. Ní Èkó, àwọn ènìyàn ti ń ṣe akitiyan lórí ọ̀rọ̀ àwọn adití láti àwọn ọdún 1950, èyí tí ó di ilé ẹ̀kọ́ Wesley ní Sùúrùlérè, orúkọ tí ó yẹ kí inú àwa Mẹ́tọ́díìsì dùn sí. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni Foster fi ṣe ìdí iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti pàdé arábìnrin adití kan láti Jámánì, Berta Zuther, ní ìpàdé àwọn adití àgbáyé ní ìlú Wiesbaden ní ọdún 1959. Ní ọdún 1961, arábìnrin náà wá bá a ní Nàìjíríà, wọ́n sì gbéyàwó. Ọmọ márùn-ún ni Ọlọ́run fún wọn. Ìyá náà ń tọ́ ọmọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ míṣọ́n náà, nítorí ọkọ rẹ̀ kì í gbélé. Ní ọdọọdún, Foster máa ń fi ọ̀pọ̀ oṣù wà lórí ìrìn káàkiri Áfíríkà, yóò tún fi oṣù mìíràn lọ láti ìjọ dé ìjọ ní Amẹ́ríkà láti wá owó. Mo bi ara mi léèrè bí ó ti rí fún ìyá àwọn ọmọ yẹn. Àwọn tí ń kọ ìtàn àwọn ènìyàn ńlá kì í sábà béèrè.

Ní Ìbàdàn yìí ni ó ti ń kọ́ àwọn tíṣà. Kì í kó òyìnbó wá láti wá kọ́ni. Àwọn adití ọmọ Áfíríkà ni ó ń kọ́ kí wọ́n lè padà sílé lọ kọ́ adití ẹgbẹ́ wọn. Wọ́n ń wá láti Benin, láti Togo, láti Chad, láti Cameroon, títí dé Zaire ìgbà náà. Nígbà tí ó rí i pé Faransé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò nílé, ó mú èdè náà wọ inú iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ rẹ̀ yóò fi parí, ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti dá sílẹ̀ ti lé ní 30, ní orílẹ̀-èdè 13. Ní ọdún 1970, Gallaudet tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn pè é padà, ó fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé fún ìyẹ́sí.

Kò yẹ kí n fi dídùn nìkan sọ ọ́. Àwọn adití kan àti àwọn onímọ̀ èdè ní ẹ̀sùn kan sí Foster lónìí, ẹ̀sùn náà sì ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Èdè ọwọ́ ti Amẹ́ríkà ni ó kó wá. Àwọn adití ilẹ̀ wa sì ti ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ kí ó tó dé. Ní Adamorobe, abúlé kan ní Gánà tí kò jìnnà sí Mampong, adití ti pọ̀ níbẹ̀ láti ìran dé ìran, wọ́n sì ní èdè ọwọ́ tiwọn tí àwọn tí ń gbọ́ràn nínú abúlé náà gbọ́. Bí àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, èdè àlejò ń borí ti ilé. Àwa ará Àkókó kò ní láti wá ẹni tí yóò ṣàlàyé èyí fún wa. Ní Òkè-Àgbè nìkan, Àfá, Ùdò, Ògè àti Àjè, ọ̀nà tí a ń gbà sọ̀rọ̀ kò rí bákan náà, ti Ìkàrẹ́ tún yàtọ̀, ti Ọ̀kà tún yàtọ̀. Yorùbá tí a fi kọ́ wa nílé ìwé, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́ ọ, lẹ́yìn náà ni a tó kó Gẹ̀ẹ́sì lé e. A mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ọmọdé jókòó kí ó má gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Síbẹ̀, àwa ní èdè kan láti ilé wá. Ọmọ tí a bí ní adití sí ilé àwọn tí ń gbọ́ràn, bí kò bá rí adití mìíràn, àmì bíi mélòó kan fún oúnjẹ, omi àti oko lè jẹ́ gbogbo èdè tí ó ní. Àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ sọ pé bí ọmọ bá dàgbà kí ó tó rí èdè kíkún kọ́, ó máa ń ṣòro kí ó tó bá a mọ́. Ìyàtọ̀ Foster, tí etí rẹ̀ di ní ọmọ ọdún 11, àti ọmọbìnrin àdúgbò wa nìyẹn. Bí a bá ní kí n yàn fún ọmọbìnrin yẹn láàárín èdè ọwọ́ àlejò àti àìní èdè, mo mọ èyí tí màá mú.

Ní ọjọ́ 3 oṣù kejìlá ọdún 1987, Foster wọ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ní Rwanda, ó ń lọ sí Kenya. Ọkọ̀ náà já, kò sì sí ẹni tí ó yè nínú rẹ̀. Ọmọ ọdún 62 ni.

Ní ilẹ̀ wa, iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ míṣọ́n nìkan. Láti ọdún 1977 ni ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ti wà fún kíkọ́ àwọn tíṣà irú àwọn ọmọ báyìí, ìlú Ọ̀yọ́ ni ó sì wà lónìí. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó wa, ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití wà ní Àkúrẹ́, ti àwọn afọ́jú sì wà ní Ọ̀wọ̀, èyí tí kò jìnnà sí wa rárá. Ní oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ fọwọ́ sí òfin tí ó ka á léèwọ̀ láti fi àbùkù ara ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ilé ẹ̀kọ́ sì wà lára ibi tí òfin náà dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní àwọn abúlé wa mọ̀ pé òfin lọ́tọ̀, kíláàsì tí ó ní ọmọ púpọ̀ àti bẹ́ǹṣì díẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọmọbìnrin àdúgbò wa ọjọ́un ti di ìyá àgbà. Ó ń ta gàrí, ọmọ rẹ̀ kàwé, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gbọ́ràn. Kò mọ bí a ti ń kọ orúkọ rẹ̀. Bí mo bá lọ ra gàrí lọ́wọ́ rẹ̀, a jọ máa ń rẹ́rìn-ín, ó sì máa ń fi èènì sí i fún mi. N kò tíì mọ ọ̀nà tí mo lè gbà bá a sọ̀rọ̀ nípa síléètì yẹn.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì ọjọ́ ìsinmi wa nísinsìnyí, ó ń lọ sí ọmọ ọdún 6. A rò pé olórí kunkun ni, tí kì í dáhùn bí a bá pè é, títí ìyá rẹ̀ fi mú un lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Etí kan ṣì ń gbọ́ díẹ̀. A ti mú un wá sí bẹ́ǹṣì iwájú, ní apá tí etí yẹn yóò fi kọjú sí tíṣà, a sì ti yí bẹ́ǹṣì yòókù ká. Tíṣà wọn ti lẹ àwòrán mọ́ ògiri. Ó ṣì máa ń gbàgbé, yóò kọjú sí pátákó kí ó máa sọ̀rọ̀ lọ, àwọn ọmọ yòókù ni wọ́n sì ń ju ọwọ́ sí i kí ó yíjú padà. Ìyá ọmọ náà ti lọ sí Àkúrẹ́ lẹ́ẹ̀kan láti béèrè nípa ilé ẹ̀kọ́ tibẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kò tíì gbà pé kí ọmọ kékeré bẹ́ẹ̀ kúrò nílé, àwọn méjèèjì sì ń sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ títí di bí mo ti ń kọ ìwé yìí.